Ọdún Tí Àáró Wa Ní Ààrẹ

Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, kí wọ́n ní kí n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjọba Ìlú Ọba àti ìjọba Amẹ́ríkà, màá sọ ọ́ láìwo ìwé. Mo kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ yìí títí ó fi sú ẹnu mi. Àmọ́ kì í ṣe inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n dénú. Oko ọkọ mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ìlú Ṣakí, ní ọdún tí àwọn alágbádá dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba fún wọn. Ìmọ̀ tí mo rí gbà níbẹ̀, n kò gbàdúrà kí ọ̀tá mi rí irú ẹ̀ gbà.

Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn ẹbí mi sọ̀rọ̀ títí, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o kàwé, àgbẹ̀ lo rí?" Mo ní, "Èmi ni mo máa bá a gbé, kì í ṣe ẹ̀yin." Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi ni mo máa ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Bó bá ti oko dé, á bu omi sẹ́sẹ̀, á kírun, á wá jókòó ti àwọn ọmọ wa mẹ́ta títí oúnjẹ á fi jinná. Owó tíṣà kò lè bọ́ wa láìsí oko yẹn. Iṣu rẹ̀ ni a ń jẹ, òun náà ni a ń tà.

Ọkùnrin kan ṣoṣo kò lè dá kọ ebè iṣu tó máa bọ́ ilé kan. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n jọ lọ iléékéwú kan náà ní kékeré ni wọ́n kó ara wọn jọ. Bí gbogbo wọn bá kọ ebè lóko tìrẹ lónìí, ìwọ náà á bá wọn dé oko ẹlòmíràn nígbà tó bá kàn án. Kò sí owó ọ̀yà níbẹ̀ o. Oníoko á sè, wọ́n á jẹ, ó parí. Mo ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sóko àáró títí orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá.

Wọ́n ní olórí, àmọ́ olórí náà ń mú ọkọ́. Poro kan náà láàárín ebè ni òun àti àwọn yòókù jọ ń tọ̀, òógùn kan náà ni wọ́n jọ ń nù. Òun ló ń sọ ẹni tí àáró kàn. Bí ohun tó sọ kò bá dùn mọ́ wọn nínú, ojú ẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ, mo bá wọn nínú àríyànjiyàn. Wọ́n ní olórí fẹ́ fi oko àna rẹ̀ ṣáájú oko ẹni tó kàn. Kí n tó bu ọbẹ̀ tán, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i. Ẹni tí wọ́n yọ jẹun yó, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sí poro. Ó ń kùn lọ́tùn-ún lósì o, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ìlú Ọba gan-an nìyẹn. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí: inú ilé ìgbìmọ̀ kan náà ni olórí ìjọba wọn àti àwọn aṣòfin jọ ń jókòó. Àwọn alátakò á dojú kọ ọ́, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, dandan ni kó dáhùn. Ọjọ́ tí èyí tó ju ìdajì lọ nínú ilé bá ní ó ti sú àwọn, ẹrù rẹ̀ ló máa dì. Ọba wọn wà lókè, àmọ́ kì í dá sí i.

Ìwé òfin tuntun tó bá àwọn alágbádá dé ní ká fi ti Ìlú Ọba sílẹ̀, ká máa ṣe bíi ti Amẹ́ríkà. Mo ya ilé mẹ́ta sójú pátákó. Mo ní Ààrẹ wà nínú ọ̀kan, àwọn aṣòfin wà nínú ìkejì, àwọn adájọ́ wà nínú ìkẹta. Gbogbo ìlú ló dìbò yan Ààrẹ, nítorí náà àwọn aṣòfin kò lè dédé lé e lọ kí ọdún mẹ́rin rẹ̀ tó pé. Bí wọ́n bá ṣe òfin, ó lè kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Àmọ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá ta kú, òfin wọn dúró. Àwọn ló di àpò owó mú. Adájọ́ sì lè sọ fún tibí tọ̀hún pé wọ́n ṣì í. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ilé dé ilé. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa, ẹnì kìíní ń ṣọ́ ẹnì kejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ gàba." Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ó dùn mọ́ èmi náà.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wà nínú àáró yẹn. Àtikékeré ni wọ́n ti jọ wà, òun ló ṣáájú àwọn tó wá gbé mi níyàwó ní Ìgbòho. Ó ra rédíò, ó ń gbé e kọ́ ẹ̀ka igi lóko, kò sí ohun tí wọ́n sọ ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò gbọ́. Òun ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní ayé ti yí padà, kí àáró náà yí padà. Ó ní yíyọ olórí bí ẹni yọ bàtà yìí ti pọ̀ jù. Kò parọ́ níbẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, ibi tí wọ́n ti ń bára wọn jiyàn lórí ta ni olórí ni ilẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n yan Ààrẹ, kó lo ọdún mẹ́rin. Ó ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́ tàbí yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n fi hóró àgbàdo dìbò sínú igbá. Òun náà ló wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ó fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ Ààrẹ ni kó máa bójú tó iṣẹ́. Àga ni wọ́n ń gbé fún un sábẹ́ igi, òun àti rédíò rẹ̀, àwọn tó kù ń kọ ebè. Mo gbé oúnjẹ dé, mo wo àga, mo wo àwọn èèyàn nínú oòrùn, ẹnu mi kò gbà kí n dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o. A ti rí Ààrẹ. Àwọn aṣòfin ńkọ́? Adájọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, àáró là ń ṣe o. Ṣé o fẹ́ ká kọ́ ilé ẹjọ́ sínú oko iṣu ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo gbé ìkòkò mi. Àmọ́ lọ́nà ilé mo sọ fún ọkọ mi pé ọkàn mi ò balẹ̀ sí nǹkan yìí. Mo ní èyí tí wọ́n mú nínú ti Amẹ́ríkà kò tó ìdajì, àga ni wọ́n mú, wọ́n fi àwọn tó ń ṣọ́ àga sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Ká sòótọ́, ọdún méjì àkọ́kọ́ dáa. Ó ṣe òfin pé ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra, àáró rẹ̀ ti lọ nìyẹn fún ọdún náà. Àwọn ọ̀lẹ méjì tó wà láàárín wọn wá di ẹni tó ń ṣáájú èrò lọ sóko. Èmi náà yìn ín. Mo tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì pé ohun tó dáa nínú ti Amẹ́ríkà nìyẹn, olórí á ráyè ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n máa yọ òun lọ́la.

Ọdún ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé. Ó ku nǹkan bí ọdún kan kí Ààrẹ tiwa lo ìgbà rẹ̀ tán. Háà, ọdún yẹn! Òjò tètè káwọ́ kúrò nílẹ̀. Ìgbẹ́ ń jóná ní oṣù tí kò yẹ kí ó jóná, èéfín ń wọ kíláàsì bá wa. Mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ń lọ ó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ mú kóńdó lọ́wọ́. Nídìí kànga, obìnrin tí mo ti ń yá lókùn láti ìgbà tí mo ti dé Ṣakí bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni ilé wa ń ṣe kó tó na ọwọ́ gba okùn. Mo ní, "Ẹgbẹ́ akọrin." Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí gan-an.

Ààrẹ àáró ti di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ládùúgbò wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni ajílẹ̀ ìjọba ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ó kó àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, ó ní ibì kan ni gbogbo wọn máa tẹ̀ka sí. Wọ́n ní ó dáa. Ọkọ mi ní, "Ìbò tèmi, ọwọ́ mi ló wà." Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. Àmọ́ oúnjẹ tí mo gbé lọ lọ́jọ́ náà, kò tọ́ ọ wò. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo?

Wọ́n dìbò tán, ìlú dákẹ́ lọ́nà tí kò dáa. Àwọn kan kó lọ sí ẹ̀yìn ẹnubodè, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ebè bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ àáró sì ń jẹun láìbára wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la wà tí sòbìyà fi mú ọkọ mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ sòbìyà, ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn bí òwú ni, inú omi adágún tí a ń mu ló ti ń wọ ara èèyàn. Bí ọdún bá yí po, á wá ọ̀nà jáde lẹ́sẹ̀. Ojú ibẹ̀ á wú, á máa ta bí iná, á bẹ́, orí aràn á yọ. Igi tín-ín-rín la fi ń wé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, a ò gbọ́dọ̀ fà á já. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá le jù ló sì máa ń jáde, ìkà aràn! Ọrùn ẹsẹ̀ ni ti ọkọ mi ti jáde. Kò lè tẹlẹ̀. Ó pa ibi iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó tún pa á jẹ, ìgbà tí àáró sì máa kàn án ló kù yìí.

Láyé olórí tó ń mú ọkọ́, aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe tirẹ̀ fún. Bí ara rẹ̀ bá yá, á san án padà. Gbogbo wọn ni sòbìyà ti mú rí, kò sí ẹni tí wọn ò tíì ṣe é fún. Bí wọn ò bá kọ ebè náà kí ilẹ̀ tó le, eèbù iṣu wa tó ti ń hù nínú àká á rà, a ò sì ní rí nǹkan kan gbìn. Mo lọ bá Ààrẹ nílé, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbàgbé pé ọ̀rẹ́ yín ò lè rìn."

"N kò gbàgbé, ìyàwó wa. Ó ń dùn mí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sóko rẹ̀. Bó bá gbádùn, á san án."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kò wá. Òfin ti sọ̀rọ̀."

"Òfin tí ẹ ṣe nítorí ọ̀lẹ? Ṣé ọ̀lẹ ni ọkọ mi?"

"Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ fún un, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn? Ààrẹ ò gbọ́dọ̀ ṣojúsàájú."

Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa fèsì, ẹ mọ̀ pé n kì í gbé e pamọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà kan, ẹ̀bá poro ni wọ́n ti máa parí ọ̀rọ̀ yìí." Ó na ọwọ́ sí rédíò rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó ní, "Kí ọ̀rẹ́ mi lọ bi ẹgbẹ́ tó dìbò fún, bóyá wọ́n ní ọkọ́."

Mo dìde láìdágbére, ìyẹn ò sì dáa lójú ìyàwó ilé, àmọ́ n kò bìkítà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti ilé dé ilé lẹ́yìn iléèwé. Mẹ́wàá ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó lè yí ọ̀rọ̀ Ààrẹ padà. Àwọn kan gbà láti nàwọ́ kí n tó jókòó, ojú ń tì wọ́n. Àwọn kan wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé mi, wọ́n wá ń ṣàlàyé ajílẹ̀ fún mi. Ẹnì kan tí ọkọ mi bá tọ́jú ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní Èkó ní kí n má bínú, pé òun ní ọmọ. Mo ní, "Èmi náà ní mẹ́ta." Mẹ́sàn-án ni mo rí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́ ìkẹwàá.

A gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo tì í lọ sábẹ́ igi mọ́ńgòrò tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ó ń fi ẹ̀rín bo ìrora rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án nàwọ́ sókè. Ọkọ mi nàwọ́ sókè. Ààrẹ kà á, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ ara ẹni ni ọkọ mi fẹ́ dìbò lé lórí, kò bójú mu, a ò lè ka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, mẹ́sàn-án kò sì tó. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin ló ṣòfin, ẹ̀yin lẹ tún ń dájọ́. Ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń pè yìí, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ ṣe é!" Wọ́n ní obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àáró. Àwọn mẹ́sàn-án tó nàwọ́ ń wo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ padà, mo ń ṣépè. Ọkọ mi ní, "Má bá wọn jà mọ́. Ilẹ̀ ń gbẹ."

Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni. Ní ọjọ́ kejì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, òun sì fi àkísà di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi igi tilẹ̀, ó gbọ̀nà oko lọ. Ìgbà tí mo dé ni mo bá ilé lófìfo. Mo sáré lọ. Orí eékún ni mo bá a, ó ń fi ọkọ́ wọ́ erùpẹ̀ jọ, ebè rẹ̀ kéré, wọn ò tò dọ́gba. Àkísà ti tú. Aràn ti já, erùpẹ̀ ti kún ojú egbò. Mo bú u, mo bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo bú Ìlú Ọba, mo bú Amẹ́ríkà. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Díẹ̀ wo? Ìkángun oko kan ṣoṣo ló ṣe.

Ó tún lọ lọ́jọ́ mìíràn tí mo rò pé ó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ó ní ọrùn ń dun òun. Mo po ògì fún un, ẹnu rẹ̀ kò là. Mo rò pé kò fẹ́ mu ún ni, mo jágbe mọ́ ọn. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ là rekete, eyín rẹ̀ pàdé, ara rẹ̀ le gbagidi. Ọmọ wa àgbà dáyà já, ó pariwo, ariwo náà tún mú kí ara rẹ̀ gbọ̀n. A gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, inú erùpẹ̀ ló wà, ojú egbò ló gbà wọlé. Wọ́n ṣe ohun tí ọwọ́ wọn ká. Ọlọ́run gbà á.

Ẹ̀sìn rẹ̀ ò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́, àwọn ọmọ àáró ti dé, gbogbo wọn, ọkọ́ wà léjìká wọn. Ààrẹ ló kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù. Àtìgbà tó ti gba àga, n kò rí ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Wọ́n ní kó jáde kí ẹlòmíràn bọ́ sí i, ó kọ̀. Èmi ò lè sunkún. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, mo ń gbọ́ bí ọkọ́ ṣe ń ró lára ilẹ̀ líle.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n kọrí sóko wa. N kò bẹ̀ wọ́n. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi padà wá, erùpẹ̀ bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ààrẹ lóṣòó níwájú mi, kò lè wo ojú mi.

Ó ní, "Ìyàwó wa, a ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. A ti gbin eèbù sí i. Gbogbo wa la fohùn ṣọ̀kan, kò sí ẹni tó kọ̀."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Mo wo àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?"